Ìgò Itọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí mo ṣe dé Port Harcourt. Ọkọ̀ ló gbé mi débẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti ń fura sí àwọn èèyàn ibẹ̀, àwọn náà sì ń fura sí mi, n kò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi nínú wa.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìfura. Ìkìrun la ti wá, ìyá mi kì í sì í sá ẹ̀lùbọ́ sóòrùn kó má jókòó tì í. Ìfura loògùn àgbà, ohun tó ń sọ láàárọ̀ lọ́sàn-án nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ mi ní Port Harcourt, mo lọ sílé lọ sọ fún un pé n kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́, pé dókítà kan ti fún mi níṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bínú. Ó fà mí wọ yàrá, ó ní, "Irun orí rẹ, má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Èékánná rẹ, sun ún níná. Itọ́ rẹ, gbé e mì." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ṣe gbogbo rẹ̀.

Rumuomasi, àdúgbò kan ní Port Harcourt, ni mo gba yàrá sí, nínú ọgbà Mama Ibinabo. Opó ni, ará Okrika, aṣọ ló ń rán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ibinabo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì sanra. Kì í ṣe sísanra kékeré o. Ọmọ náà á jókòó lórí àpótí, ẹ ò ní í rí àpótí mọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo kó débẹ̀, Mama gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Mo ṣí abọ́, mo rí ìsáwùrú tòun ti karawun rẹ̀, dúdú, ṣóńṣó, ó kún inú ọbẹ̀ náà bámú. Mo wò ó títí. Ta ló ń se òkúta fún àlejò? Mo ní mo ti yó. Mama gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó mú ọ̀kan, ó fi ẹnu fà á, fíọ̀, ẹran bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní, "Ngbati, you think say I wan kill you?" Ngbati ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Mo ní rárá o, mà, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo rò gan-an nìyẹn. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó mọ̀ ọ́n fà. Ọjọ́ tí ọ̀kan kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, Ibinabo pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn bí ẹni tó yege ìdánwò.

Pijin là ń sọ láàárín ara wa. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ síhìn-ín, pijin la fi sọ ọ́, mo kàn ń fi Yorùbá rò ó fún yín ni. Yorùbá tèmi jókòó jẹ́ẹ́ sínú mi láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé. Ọjọ́ ìsinmi ni mo ń gbé e jáde, ní ṣọ́ọ̀ṣì táwọn ará ilé wa ń lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ á sì tún dá a padà fún mi. Màá ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n á ní, "Aunty, how far?" Wọ́n mọ̀ pé Yorùbá làwọn, ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan níbì kan tí òun ò rí rí ni.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń pe ìyá mi. Màá tò sórí ìlà ní ilé tẹlifóònù, màá pe ilé oògùn tó wà lójúkojú ilé wa, wọ́n á ránṣẹ́ sí i, á sáré wá, màá máa gbọ́ mími rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Ta ló ń sè é?"

"Èmi ni, mà."

Irọ́ ni. Ní àkókò yẹn, Mama Ibinabo ń gbé abọ́ wá fún mi tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún obìnrin tó ní kí n máa sun èékánná?

Ẹ ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe níbẹ̀. Itọ́ ni. Mò ń gba itọ́.

Dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń wádìí àwọn ọmọ tó sanra jù láàárín ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún. Ó ní tí ọ̀rá bá ti pọ̀ lára ọmọ, ara rẹ̀ lè má mọ ṣúgà lò bó ṣe yẹ mọ́, àtọ̀gbẹ á sì máa yọ́ bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí abẹ́rẹ́, ẹ ò ní í rí i mọ́. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá itọ́ lè sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti lọ sí ilé ìwé, kí n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìgò kékeré kan tí a lẹ nọ́ńbà mọ́. Tí ọmọ bá jí láàárọ̀, kó tó yọ ẹnu, kó tó jẹ nǹkan kan, á tutọ́ sínú rẹ̀, á dé e, á sì mú un wá fún mi. Èmi á kó wọn sínú kúlà oníyìnyín.

Ẹ bá mi rò ó wò. Àlejò kan, tí èdè rẹ̀ yàtọ̀, dé ilé ìwé yín, ó ní kí àwọn ọmọ yín tó sanra jù lọ tutọ́ sígò fún òun, ní àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó fi omi kan ẹnu. Ká ní Ìkìrun ni, wọn ì bá ti lù mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti gba Rumuomasi kan: obìnrin Ngbati kan ń kó itọ́ ọmọ sísanra fún àwọn tó ń wá ọlà. Tí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á fa korobá wọn sún mọ́ra. Ọ̀kan tiẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí mo ń kọjá. Ó dùn mí dé egungun. Èmi tí mò ń sun èékánná mi nítorí wọn, àwọn ló tún ń sá fún mi.

Mama Ibinabo nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ibinabo ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n Dókítà ní òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo bá lọ bá Mama lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rán aṣọ lọ́wọ́. Ohun ńlá ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àgbà sì ni, mo bá fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Wetin you do?"

"N kò ṣe nǹkan kan, mà. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Nítorí kí lo ṣe kúnlẹ̀?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ nípa ìgò, nípa ọ̀rá àti ṣúgà, mo sì wà lórí eékún títí mo fi sọ ọ́ tán. Ojú mi ló ń wò, kò wo ìwé tí mo mú dání.

Ó ní, "Ara Ibinabo tí o rí yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Nílẹ̀ wa, kí ọmọbìnrin tó jáde fún iria, ayẹyẹ tí a fi ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin, ìyá rẹ̀ á bọ́ ọ, á tọ́jú rẹ̀, á sanra, gbogbo ìlú á rí i pé ọmọ náà ní ẹni tó ń kẹ́ ẹ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Kí ni dókítà yín ń wá nínú rẹ̀?"

"Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn kankan ò sí níbẹ̀ ni, mà."

"Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé yín?"

"Ó ti wà níbẹ̀, mà."

Ó gé òwú tó wà lára aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé ìgò náà wá." Ìgò kọkànlélọ́gbọ̀n ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ibinabo mú un dé ilé ìwé, mo gbà á, mo fi í sínú kúlà. Nígbà táwọn ìyá tó kù gbọ́ pé ìyá onílé mi ti fún mi ní ti ọmọ rẹ̀, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì gba tó ogójì ìgò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìṣẹ́gun mi nìyẹn, mo sì yan bí ẹni tó jẹ oyè.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìwà Mama ti yí padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Oúnjẹ tó ń gbé wá fún mi pọ̀ sí i. Ó ń fi Ibinabo jókòó sídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ó sì ń kánjú, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan han ọmọ náà. Bí mo bá kọjá, àwọn méjèèjì á dákẹ́. Fúnra rẹ̀ náà, ó ń rù. Mo rí i tó ń dín bùláòsì ara rẹ̀ kù, kò sì pẹ́ tó tún fi dín in lẹ́ẹ̀kan sí i. Jọ́ọ̀gì omi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, á ti gbẹ. Lọ́jọ́ kan ó dédé bi mí pé, "Bí mo bá rìnrìn àjò, ṣé o lè bá mi mójú tó Ibinabo?" Mo ní níbo lẹ ń lọ, mà? Ó rẹ́rìn-ín, ó tún padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù.

"Ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́?" ìyá mi bi mí. "Tí nǹkan bá wá ṣe ọmọ náà ńkọ́? Pańpẹ́ ló ń dẹ fún ọ. Kó jáde níbẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Mo lọ wo yàrá kan ní àdúgbò Rumuokwurushi, mo sì sọ fún onílé ibẹ̀ pé màá kó wá kí oṣù tó parí. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo ń ro Ìkìrun. Wọ́n á ní ilé ẹni ni ibi tí wọn kì í ti í fura síni. Irọ́ ńlá ni. Ní Ìkìrun, a máa ń fura sí ara wa dáadáa, àmọ́ a mọ ohun tí a ń fura sí. Ọ̀dọ̀ àwọn ara ibí yìí, n kò mọ ibi tí màá kọ ojú ìfura tèmi sí, bó ṣe rẹ̀ mí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ìgò kọkànlélọ́gbọ̀n," ó ní. "Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù. Mo pe ọmọ náà, mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ọmọ náà ló tutọ́ sínú ìgò yẹn, àbí ìwọ lo jókòó sí yàrá rẹ tí o tu tìrẹ sí i?"

Mo ní èmi kọ́, sà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé ìgò òfìfo kan síwájú mi, ó ní, "Tutọ́."

Ohùn ìyá mi dún létí mi. Gbé e mì. Mo ti gba itọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó ogójì, mo sì ń rojọ́ pé àwọn ìyá wọn ò lajú, èmi gan-an ni mo dúró yìí tí mi ò lè ya ẹnu. Bí mi ò bá tutọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, orúkọ mi ti bàjẹ́. Mo tutọ́ sí i. Nígbà tó gba ìgò náà tó dé e, ó ṣe mí bíi pé mo fi ohun kan sílẹ̀ lórí tábìlì ọkùnrin yẹn tí mi ò ní í rí gbà padà. Ojú tì mí, mo sì bínú sí i, mo tún bínú sí ara mi.

Ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó padà wá, ó ní, "Kì í ṣe tìrẹ. Wá ẹni tó ni ín. Ẹni tó ní irú ṣúgà yìí lára, bó bá ń rìn lónìí, ó lè dákú lọ́la kó má jí mọ́."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Rumuomasi, n kò wọ ọkọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé tán kó tó yé mi. Jọ́ọ̀gì omi. Bùláòsì. Àti àwọn èèrà tó ń bo ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa láràárọ̀, níbi tí Mama ti ń tọ̀, tí mo ti da kẹrosíìnì lé lórí títí tó fi sú mi, tí mo ń bú Ibinabo nínú mi pé òun ló ń da omi ṣúgà síbẹ̀.

Mama wà nídìí ẹ̀rọ. N kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, n kò tiẹ̀ rántí. Mo ní, "Mama, itọ́ ta ló wà nínú ìgò Ibinabo?"

Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ó jọ pé ó ti ń retí mi. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ló kù fún mi?"

"Ọjọ́ mélòó sí kí ni, mà?"

"Kí n tó kú."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà?"

Ó ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí o kúnlẹ̀. Èmi ò rí i rí kí èèyàn kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Mo sọ nínú mi pé ọmọbìnrin yìí ti gbà fún àwọn tó ń wá ọlà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń tọrọ àforíjì sílẹ̀. Orúkọ ọmọ mi sì ti wà nínú ìwé yín. Bí mo bá kọ̀, ẹ ó gba ọ̀nà mìíràn mú un. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ní kí Ibinabo lọ pọnmi, mo fọ tirẹ̀ dànù, mo tu tèmi sí i. Make dem carry me, leave am."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ìtìjú bá mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i pé ó lè rò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ rò pé mo ti pa yín, ẹ sì tún ń gbé oúnjẹ fún mi?"

"Ta ni mo tún ní?" ó ní. "Mo fẹ́ kí o fẹ́ràn ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ ni màá fi í sílẹ̀ sí."

Mo sunkún. N kò ní í parọ́ fún yín, mo sunkún bí ọmọdé, obìnrin yẹn sì ń wò mí, kò sunkún ní tirẹ̀. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ṣúgà, omi tó ń mu, èèrà, aṣọ tó ń dín kù. Mo ní àìsàn ni, mà, ó ní oògùn, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù lónìí.

Ó mi orí. "Kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá wọn?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò gbà. Ìgbà tó yá ló ní, "Bó bá jẹ́ òótọ́ lò ń sọ, tí kì í ṣe pé wọ́n fi ń ṣe nǹkan, lọ gba itọ́ mi padà wá. Bí mo bá rí i lọ́wọ́ mi, màá tẹ̀ lé ọ."

Òfin yàrá àyẹ̀wò wa ni pé ìgò kankan kì í jáde nínú fíríìjì. Dókítà ò tíì parí pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi í, kò ní í gbà, nítorí náà mi ò bi í. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn, mo mú ìgò kọkànlélọ́gbọ̀n, mo kì í bọ àpò, mo sì jáde. Wọ́n kọ ìwé sí mi lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n mú mi kúrò nídìí itọ́, abọ́ àti ìgò ni mo ń fọ̀ títí ọdún fi parí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣàríyànjiyàn.

Mama ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó gba ìgò náà, ó wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ó ṣí i. Ó fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ó da itọ́ náà sínú kòtò náà, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń wo ibẹ̀, kò wojú mi. Mo rò pé ó ti rí tirẹ̀ gbà báyìí, ó ti parí nìyẹn, kò ní í lọ síbì kankan.

Ó fọ ìgò náà, ó dá a padà fún mi, ó sì wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń pe Ibinabo pé kó bá òun wá bàtà òun, òun àti Ngbati ń lọ sí ọsibítù.